Ìmòòkùn àti eré ìjà: ìbéèrè tí àwọn ará Ìbàdàn ń bi wá lemọ́lemọ́

À ń fi eré ìjà múra ara sílẹ̀ fún ìmòòkùn, ìbéèrè kan náà ló sì ń wọlé nípa rẹ̀ láti Bódìjà, Mọ́kọ́lá àti Àpẹ́tẹ̀ títí dé Challenge. Mo kó wọn jọ síbí kí ẹnu mi lè sinmi. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó le wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ráyè ka ẹyọ kan ṣoṣo, kó wá èyí tó dá lórí dídákú lọ.

Kí ni ìmòòkùn tí ẹ ń sọ yìí gan-an?

Kéèyàn mí èémí kan sínú, kó sé e, kó wọ inú omi lọ láìgbé àgbá afẹ́fẹ́ dání, kó sì padà sókè kó tó tún mí. Àwọn kan ń tẹ̀ lé okùn lọ sísàlẹ̀ òkun, jíjìn ni wọ́n ń wá. Àwọn kan ń ṣe é nínú púùlù, wọ́n fẹ́ mọ ibi tí èémí kan lè gbé wọn dé. Àwọn mìíràn kàn ń dojú bolẹ̀ lórí omi láìmira, ẹnìkan a sì máa wo aago fún wọn. Stéphane Mifsud, ará Faransé, lo ìṣẹ́jú 11 àti ìṣẹ́jú àáyá 35 báyìí lọ́dún 2009.

Ẹ má pè é ní eré òyìnbó. Àwọn obìnrin erékùṣù Jeju ní Kòríà àti àwọn obìnrin amòòkùn tí wọ́n ń pè ní ama ní Japan ti ń fi í wá oúnjẹ láti ayébáyé. Nílé wa níbí, àwọn tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà Èkó ń mòòkùn tàwọn ti korobá lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó fún wọn ní ìwé ẹ̀rí.

Kí ló wá kan ìjà níbẹ̀? Ẹja kọ́ la fẹ́ bá jà.

Òótọ́ ni, omi gan-an kò ṣeé bá jà. Ohun tí à ń wá lọ sí ìdí ìjàkadì àti júdò ni bí ara ṣe lè rọ̀ nígbà tí ohun gbogbo ń sọ fún un pé kó le. Nínú júdò, bí wọ́n bá dè yín mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 20, ìjà ti parí. Ẹ wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ: bí wọ́n bá ti dùbúlẹ̀ lé e láyà báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrùpàrù, á máa fi gbogbo agbára tì í sókè, èémí á sì tán nínú rẹ̀ kí wọ́n tó ka mẹ́wàá. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ á kọ́kọ́ jẹ́ kí èjìká rọ̀, á máa mí díẹ̀díẹ̀ sí ìhà tí wọn kò tẹ̀ mọ́lẹ̀, á sì máa wá ibi tí àyè wà. Ẹni kejì yìí ni omi máa gbà.

Ìdí mìíràn ni pé iṣan tó bá le lásán, lásán ló ń jẹ ọ́síjìn. Eré ìjà ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé eyín òun ti wà pọ̀, pé ọwọ́ òun ti di ẹ̀ṣẹ́, pé ọrùn òun ti gan. Púpọ̀ nínú wa ni kì í mọ̀. A ti gbé èjìká sókè láti àárọ̀ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìwó Road, a ò sì rántí gbé e sílẹ̀ títí a fi sùn.

Ohun méjì ni eré ìjà kò lè fún yín: etí tó mọ omi, àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ yín. Ìdáhùn wọn ń bọ̀.

Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀?

Lórí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, àní lónìí. Nínú omi, ẹ kọ́ ìwẹ̀ ná. Ẹni tí kò lè léfòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìdi nǹkan mú kò ní iṣẹ́ kankan lábẹ́ omi.

Nínú gbogbo eré ìjà, èwo ló dára jù fún un?

Ìjà ìdìmú ló ṣáájú lójú tèmi: júdò, jiu-jitsu àti ìjàkadì ìbílẹ̀ wa. Kò síbòmíràn tí ẹlòmíràn ti ń fi ìwúwo rẹ̀ dí àyà yín lójoojúmọ́ tí ẹ sì ní láti máa ronú. Yógà ló tẹ̀ lé e, bí kì í tiẹ̀ ṣe ìjà, nítorí èémí àti nínà ara. Jacques Mayol, tó kọ́kọ́ dé mítà 100 lábẹ́ omi ní erékùṣù Elba lọ́dún 1976, fi yógà ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Tai chi, eré ìjà Ṣáínà tí wọ́n ń ṣe jẹ́jẹ́, wúlò fún ẹni tí orúnkún ń dùn àti àgbàlagbà tí kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé òun ṣánlẹ̀ mọ́, àmọ́ ó gba sùúrù tí àwọn ọ̀dọ́ kì í ní.

Karate àti taekwondo ń kọ́ni ní ìdúró, wọ́n ń kọ́ni ní ìgbọràn, ìbàdí àwọn tó ń ṣe wọ́n sì máa ń ṣí dáadáa, èyí tó ń jẹ́ kí lẹbẹ ẹsẹ̀, bàtà pẹlẹbẹ tí a fi ń tu omi, rìn. Wàhálà wọn ni igbe àti ikùn líle. Ẹni tó ti fi ọdún púpọ̀ ṣe karate máa ń wọ omi pẹ̀lú ọwọ́ dídì, ó sì máa ń pẹ́ kó tó tú u.

Ẹ̀ṣẹ́ ńkọ́? Ìlú tiwa kò kẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀ṣẹ́: ní Liberty Stadium níbí ni Dick Tiger, ọmọ Nàìjíríà, ti na Gene Fullmer, ará Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, tí Fullmer kò lè jáde wá fún ráùn kẹjọ. Ẹ̀kọ́ tí mo máa ń mú nínú ẹ̀ṣẹ́ ni ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi ń sinmi láàárín ráùn. Ẹ jókòó, ẹ gbé ọwọ́ lé ọrùn, ẹ ka bí ọkàn ṣe ń lù, ẹ wo iye tó fi rọlẹ̀ kí aago tó dún. Bí ọkàn yín bá ṣe ń yára rọlẹ̀ sí i láti oṣù dé oṣù, ẹ̀yin náà ń múra fún omi. Ẹ̀ṣẹ́ jíjù fúnra rẹ̀ kò fi nǹkan púpọ̀ kún un.

Ibo ni mo ti lè rí i ṣe n'Íbàdàn?

Fún eré ìjà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ní pápá ìṣeré Lekan Salami ní Adamásingbà, ní Liberty ní Òkè-Àdó, àti nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké pọ̀ tó ń lo gbọ̀ngàn ilé ìwé àti ti ṣọ́ọ̀ṣì ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ wo ilẹ̀ ibẹ̀ kí ẹ tó sanwó: bí kò bá sí máàtì tó nípọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé yín ṣánlẹ̀.

Púùlù pọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, púpọ̀ nínú wọn kò sì jìn. Kò burú: púùlù tí kò jìn ti tó fún ọdún àkọ́kọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún ẹni tó ń ṣọ́ púùlù kí ẹ tó wọ inú omi, kí ẹ sì mú ẹni tiyín dání, torí pé ẹni tí wọ́n gbà síbẹ̀ lè máa tẹ fóònù.

Òkun Èkó kò jìnnà mọ́ láti ìgbà tí rélùwéè ti ń gbé èèyàn láti Mọ́níyà lọ́dún 2021, àmọ́ omi ibẹ̀ dúdú, ó sì ń wọ́ èèyàn lọ. N kò ní rán ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ síbẹ̀. Àwọn tó bá ti gbó nínú púùlù, tówó sì wà lọ́wọ́ wọn, máa ń fojú sí Dahab ní Íjíbítì, lórí Òkun Pupa, níbi tí omi ti mọ́ tó sì jìn ní ẹ̀bá ilẹ̀.

Ṣé mo lè lo odò Ẹlẹ́yẹlé tàbí Aṣẹ́jìrẹ́?

Rárá o. Ẹ kò ní rí ọwọ́ ara yín níbẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ yín kò sì ní rí yín. Àwọ̀n apẹja wà nísàlẹ̀, ewéko omi wà lókè. Ìgbín inú irú omi bẹ́ẹ̀ sì lè gbé àtọ̀sí ajá. Omi mímu ìlú ni àwọn ìsédò méjèèjì wà fún.

Báwo ni mo ṣe máa kọ́ mímí náà nílé?

Ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ẹní. Ẹ gbé píọ̀ wọ́tà kan tí kò tutù lé ìdodo. Ẹ mí sínú láti imú: ọ̀rá omi yẹn gbọ́dọ̀ gbéra kí àyà tó gbéra. Ẹ ka mẹ́rin bí ẹ ṣe ń mí sínú, ẹ ka mẹ́jọ bí ẹ ṣe ń mí jáde, kí ètè sún mọ́ra díẹ̀. Bí ẹ bá ń kánjú, omi inú ọ̀rá á máa mì jìgìjìgì, ẹ óò máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohun tí à ń wá ni kó gòkè kó sì sọ̀ kalẹ̀ láìmì.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara wò láti òkè dé ìsàlẹ̀: iwájú orí, àgbọ̀n, ahọ́n, ọ̀fun, èjìká, àtẹ́lẹwọ́, ìdí, àtẹ́lẹsẹ̀. Ahọ́n ló máa ń tan èèyàn jẹ jù. Á lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ìgbà tó dára jù láti ṣe èyí ni ìparí kíláàsì júdò, tí aṣọ ti rin fún òógùn tí ọkàn ṣì ń lù kìkì, torí ibẹ̀ ni ẹ óò ti mọ̀ bóyá ẹ lè pàṣẹ fún ara yín lóòótọ́.

Kí ló ń mú kí ikùn mi máa fò fìrìfìrì bí mo bá ti sé èémí díẹ̀?

Carbon dioxide ni. Nígbà tí ẹ kò bá mí, ó ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ sì ń pàṣẹ fún iṣan abẹ́ ẹ̀dọ̀fóró pé kó mí tipátipá. Fífà tí iṣan náà ń fà lẹ ń rí yẹn. Ọ́síjìn kò tíì tán nígbà náà, ó ṣì pọ̀ níbẹ̀ lára ẹni tí ara rẹ̀ le.

Eléyìí ni eré ìjà ti ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fara da àìrọrùn láìgbé èjìká sókè á jẹ́ kí ikùn fò títí, kò ní bá a du nǹkan kan. Bákan náà, ara ní ọ̀nà tirẹ̀ láti ran yín lọ́wọ́: bí ojú bá ti kan omi, ọkàn á rọra lù, ẹ̀jẹ̀ á kúrò lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ lọ sí àyà àti ọpọlọ, ọlọ inú á sì fún ẹ̀jẹ̀ pupa tó fi pamọ́ jáde. Ìdí nìyẹn tí èémí kẹta tí ẹ sé fi máa ń gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ jáde sọ pé ọlọ inú àwọn Bajau, àwọn ọmọ òkun ní Indonesia, tóbi ju ti àwọn ará ìlú tó múlé tì wọ́n lọ.

Ẹ fún mi ní ètò ọ̀sẹ̀ kan.

Ìjà ìdìmú lẹ́ẹ̀mejì, yógà tàbí nínà ara lẹ́ẹ̀mejì, sísé èémí lórí ẹní lẹ́ẹ̀mejì, púùlù lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ẹni tó ń ṣọ́ yín. Ẹ má fi púùlù sí ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ìjà líle. Ara tó ti rẹ̀, tí omi ti gbẹ nínú rẹ̀, kò ṣeé fi mòòkùn.

Fún ti orí ẹní, èyí táwọn kóòṣì máa ń lò ni ìgbà mẹ́jọ: ẹ sé èémí fún ìdajì ohun tí ẹ lè ṣe jù, iye kan náà ní gbogbo ìgbà. Ìsinmi ló ń kúrú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú méjì, ẹ máa yọ ìṣẹ́jú àáyá 15 kúrò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi ku ìṣẹ́jú àáyá 15. Orí ẹní ni mo wí. Kì í ṣe inú omi, kì í ṣe ìdí ọkọ̀ tí ẹ ń wà.

Nínà àyà àti fífa ikùn wọlé tí àwọn oníyógà ń ṣe, kí ló wà fún?

Lókè omi, ìfúnpọ̀ tó wà lára wa jẹ́ 1. Ní mítà 10 ó ti di 2, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró á sì fún pọ̀ di ìdajì. Ní mítà 30 ó ti di 4, ẹ̀dọ̀fóró lítà mẹ́fà á wá ku lítà kan àbọ̀. Egungun ìhà tó gan kò lè tẹ̀ lé e. Nínà ni yóò jẹ́ kí ìhà àti iṣan abẹ́ ẹ̀dọ̀fóró lè rọ̀ wọlé láìya.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ní òwúrọ̀ tí ikùn ṣófo, ẹ dúró, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ọwọ́ wà lórí itan. Ẹ mí gbogbo rẹ̀ jáde. Ẹ pa ọ̀fun dé, kí ẹ wá ṣe bí ẹni fẹ́ mí sínú láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ikùn á wọ abẹ́ ìhà lọ. Ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀, ẹ tú u sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Aboyún kò gbọdọ̀ ṣe é, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ọgbẹ́ inú náà kò gbọdọ̀ ṣe é. Bí ọ̀fun bá ń ta yín lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ti fi agbára ṣe é.

Etí máa ń dùn mí bí mo bá ti kan ìsàlẹ̀ púùlù. Ṣé mo lè fara dà á bí mo ṣe ń fara da ìrora ní júdò?

Ẹ má dán an wò. Ìrora etí kì í ṣe ti ìfaradà, awọ etí á ya ni. Ẹ tú etí, ìyẹn ni pé kí ẹ ti afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọ inú rẹ̀, kó tó dùn yín, ẹ sì máa tú u léraléra bí ẹ ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ padà sókè.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ mọ̀ ni pé kí wọ́n di imú kí wọ́n sì fi ikùn fẹ́ ẹ. Ìyẹn kì í ṣiṣẹ́ pẹ́ téèyàn bá dorí kodò, ó sì ń mú ara le. Èyí tí à ń kọ́ wọn ni èyí tí wọ́n fi orúkọ Frenzel, dókítà ará Jámánì, pè. Ẹ di imú. Ẹ fi orí ahọ́n síbi tí ẹ máa ń fi sí bí ẹ bá fẹ́ pe "tọ́rọ́", ẹ má gbé e kúrò. Ẹ pa ọ̀fun dé bí ìgbà tí ẹ fẹ́ gbé nǹkan wúwo. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹ̀yìn ahọ́n sókè bí ẹni fẹ́ pe "kọ́kọ́". Afẹ́fẹ́ inú ẹnu kò ní ibòmíràn tí yóò gbà ju imú àti etí lọ.

Ẹ dúró níwájú dígí kí ẹ wo ara yín. Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, ihò imú á wú díẹ̀ lábẹ́ ìka, ẹ óò gbọ́ "tà" nínú etí, ikùn kò sì ní mira rárá. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, orí ahọ́n ti yọ̀. Bí ikùn bá le, ọ̀fun kò pa dé. Ẹ lè fi oṣù kan ṣe é lórí àga kó tó mọ́ yín lára, kò sóhun tó burú níbẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, eruku á ti dí imú gbogbo wa. Ẹni tó ní ọ̀fìnkìn tàbí kàtá kó dúró sórí ilẹ̀ títí yóò fi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹ́ adìẹ tí ẹ fi ń ha etí sílẹ̀ pẹ̀lú. Bí etí bá ti ń ṣomi, dókítà etí ni kí ẹ kọ́kọ́ rí.

Pásítọ̀ wa ní ẹ̀sìn ni yógà. Álífáà wa náà ò fẹ́ ẹ. Kí ni kí n ṣe?

Yógà ní gbòǹgbò nínú ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà, n kò ní purọ́ fún yín. Ohun tí à ń lò níbí ni nínà ara àti mímí; a kì í kọrin, a kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ọkàn yín kò bá ṣì gbà á, ẹ fi í sílẹ̀ láìjanpata. Nínà ìbàdí tí wọ́n ń ṣe ní karate àti ìmúgbóná ara júdò á ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, mímí pẹ̀lú ọ̀rá omi á sì parí ìyókù.

Ṣé mo lè máa ṣe é nínú ààwẹ̀?

Nínà ara àti mímí jẹ́jẹ́, kò burú, pàápàá kí ẹ tó ṣínu. Ìjà líle àti inú omi, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di alẹ́ tàbí di ẹ̀yìn ọdún. Òùngbẹ máa ń mú kí etí ṣòro tú, ó sì máa ń mú kí iṣan fà.

AS ni jẹ́nótáìpù mi. Ṣé ó kàn mí?

Ó kàn yín, ó sì kan ọ̀pọ̀ èèyàn: nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Àìtó ọ́síjìn ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ àwọn SS tẹ̀ bíi dòjé, nítorí náà ẹni tó bá jẹ́ SS kò gbọdọ̀ sé èémí fún eré rárá. Èyí ò ní àdéhùn. Ní ti AS, ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe eré ìdárayá láìsí wàhálà, àmọ́ iṣẹ́ àṣejù pẹ̀lú ooru àti òùngbẹ ti ṣe àwọn kan léṣe. Ẹ gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ, ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ máa sé èémí, kì í ṣe pé ẹ kàn fẹ́ "ṣe eré ìdárayá". Ọsibítù UCH kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ẹni tó ní wárápá, àrùn ọkàn tàbí ikọ́ fée, títí kan aboyún, kó gbọ́ tẹnu dókítà kó tó ṣe ohunkóhun. Wárápá nínú omi, ikú ni.

Mo rí àwọn tó ń mí kíákíá kíákíá lórí YouTube kí wọ́n tó sé èémí. Ó sì ń jẹ́ kó pẹ́ lóòótọ́.

Ó ń jẹ́ kó pẹ́, òun náà ló sì ń pa èèyàn. Mímí kíákíá kò fi ọ́síjìn púpọ̀ kún ẹ̀jẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún fún un tẹ́lẹ̀. Carbon dioxide ló ń lé jáde. Ẹ rántí pé carbon dioxide ló ń sọ fún yín pé ó tó gẹ́ẹ́. Nígbà tí ẹ ti lé e lọ, ọ́síjìn á tán láìsí ìkìlọ̀ kankan, ẹ óò sì máa rò pé ara yín le.

Àwọn tó ń kọ́ni ní ọ̀nà mímí kíákíá tí wọ́n fi orúkọ Wim Hof pè fúnra wọn ń kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ wọ inú omi. Kí ẹ tó mòòkùn, ẹ mí bí ẹ ṣe ń mí lórí ẹní, kí ẹ wá mí ẹyọ kan tó kún. Bí ìka bá ń ṣe yín yìnìnyìnìn tàbí tí orí ń fúyẹ́, ẹ ti mí jù. Ẹ dúró ná.

Báwo ni èèyàn ṣe ń dákú lábẹ́ omi, kí sì ni ẹnìkejì máa ṣe?

Púpọ̀ kì í dákú nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ń padà bọ̀ lókè ni, láàárín mítà 10 tó kẹ́yìn, tàbí lẹ́yìn tí wọ́n ti yọrí. Nísàlẹ̀, ìfúnpọ̀ omi ń ti ọ́síjìn kékeré tó ṣẹ́ kù wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ ṣe ń gòkè tí ìfúnpọ̀ ń dínkù, agbára tó ń tì í náà ń lọ sílẹ̀, iná á sì kú lójijì. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí kì í mọ̀. Kò ní pariwo, kò ní ju ọwọ́. Nínú púùlù tí omi kò kọjá àyà náà ó ń ṣẹlẹ̀.

Ibí ni eré ìjà ti ń tan àwọn ọmọ wa jẹ. Lórí máàtì, bí nǹkan bá le, ẹ óò fi ọwọ́ gbá ilẹ̀, ẹnìkejì á sì tú yín sílẹ̀. Gbogbo ààbò júdò wà nínú ọwọ́ gbígbá yẹn. Omi kò mọ̀ ọ́n, ẹni tó ti dákú kò sì lè gbá nǹkan kan. Nítorí náà ojú ẹnìkejì ni ààbò yín. Ẹnìkan nínú omi, ẹnìkan lókè. Kì í ṣe kí ẹ jọ mòòkùn. Ẹni tó ń ṣọ́ kò gbọdọ̀ gbójú kúrò títí ìṣẹ́jú àáyá 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn tí ẹ ti yọrí, kódà bí ẹ bá ń rẹ́rìn-ín.

Bó bá ṣẹlẹ̀: ẹ gbé ojú àti imú rẹ̀ kúrò nínú omi, ẹ yọ awò ojú rẹ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, ẹ fọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ pe orúkọ rẹ̀ pé kó mí. Ọ̀pọ̀ á mí lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá mí, ẹ fẹ́ èémí méjì sí i lẹ́nu, ẹ gbé e jáde kúrò nínú omi, kí ẹ máa bá ìrànlọ́wọ́ lọ títí dé ọsibítù. Ẹ ṣe ìdánrawò gbogbo èyí pẹ̀lú ẹni tí ara rẹ̀ dá, kí ó tó di ọ̀ràn. Natalia Molchanova, ará Rọ́ṣíà, ni ọ̀pọ̀ kà sí ọ̀gá jù lọ láàárín àwọn obìnrin. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, nítòsí Formentera ní Sípéènì, ó wọ omi, kò padà wá.

Bí wọ́n bá ń fún mi lọ́rùn ní júdò, ṣé kò ní kọ́ ara mi láti gbé láìsí afẹ́fẹ́?

Kò ní kọ́ ọ ní nǹkan kan. Fífún lọ́rùn ń di ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ. Sísé èémí kì í di ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ rárá. Ọ̀kan ń mú yín lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, èkejì ń gba ìṣẹ́jú. Kò sí ẹ̀kọ́ tí ara ń mú láti inú àkọ́kọ́ wá sínú èkejì. Ẹni tó bá sì ti dákú lórí máàtì kó má wọ omi títí dókítà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Bàbá kan ní òun lè ṣe oògùn tí n ó fi pẹ́ lábẹ́ omi.

Kí bàbá kọ́kọ́ wọ púùlù, kí a wo aago. Bákan náà ni àwọn tó ń mu páràgà "kí ara lè rọ̀": ọtí kò gbọdọ̀ bá yín wọ omi.

Mo lè sé èémí fún ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí ẹní, àmọ́ nínú omi mi ò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá lọ. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ń jẹ ọ́síjìn, ìyẹn jẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyókù, ìbẹ̀rù ni, àní lára ọkùnrin tó ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má sáré lúwẹ̀ẹ́. Ẹ padà sí abọ́ omi tútù nílé: ẹ jókòó, kí ẹnìkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ki ojú bọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí àgbọ̀n rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dojú bolẹ̀ nínú púùlù láìlo ẹsẹ̀ rárá, kí ẹni tó ń ṣọ́ yín di èjìká yín mú. Ìgbà tí èyí bá dọ́gba pẹ̀lú ti orí ẹní ni kí ẹ tó fi lẹbẹ kún un.

Ohun kejì ni ibi tí ọkàn wà. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń tẹjú mọ́ nǹkan kan: aago, ìgbẹ̀yìn púùlù, ikùn tó ń fò. Àwọn ọ̀gá karate àti kendo (eré ìjà onídà) ní Japan ń kọ́ ọmọ wọn láti wo alátakò bí ẹni ń wo òkè jíjìn, kí wọ́n lè rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Molchanova náà ń kọ́ àwọn tirẹ̀ ní nǹkan tó jọ ọ́. Ẹ gòkè lọ sí Láyípo, ilé gogoro tó wà ní Òkè-Ààrẹ, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí kò sí èrò. Ẹ wo gbogbo páànù tó ti dípẹtà lẹ́ẹ̀kan náà, láìjẹ́ kí ojú lọ dúró sórí Mápó tàbí Cocoa House. Ojú á fẹ́ yà, ẹ dá a padà. Bó bá ti ṣeé ṣe fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan pẹ̀lú èémí jẹ́jẹ́, ẹ gbé irú wíwò yẹn lọ sí púùlù.

Ẹ bọ́ aago lọ́wọ́ fún oṣù kan, kí ẹni tó ń ṣọ́ yín máa wò ó, kó má sì sọ iye rẹ̀ fún yín. Bí ìyàtọ̀ àárín ẹní àti omi bá ṣì pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yẹ bẹ́líìtì òjé tí ẹ ń dè mọ́ ìbàdí kí ara lè rì wò. Nígbà púpọ̀ ó máa ń wúwo jù, ẹsẹ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ láìdúró kó má bàa rì yín. Ẹ yọ òjé kan kúrò lára rẹ̀ kí ẹ tún gbìyànjú.